“Bear” tàbí “bare”? Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jọra létí

Akọ̀wé Kékeré:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà wa pé iṣẹ́ wọn máa pẹ́ díẹ̀, kí wọ́n ní sùúrù fún wa. Mo kọ ọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà ò fa ìlà pupa sábẹ́ ohunkóhun, mo bá fi ránṣẹ́. Kò tó wákàtí kan tí oníbàárà kan dá èsì padà pé: “Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n òtútù ń mú, a ò ní lè bá yín bọ́ra.”

“Please bare with us” ni mo kọ. “Bare” tó jẹ́ ìhòòhò ni mo fi síbẹ̀ dípò “bear” tó jẹ́ ìfaradà.

Èyí nìkan kọ́ ló ń dà mí láàmú. “Affect” àti “effect”, “principal” àti “principle”, “lose” àti “loose”, “advice” àti “advise”: bí mo bá fẹ́ kọ ọ̀kan nínú wọn, ọwọ́ mi á dúró lórí bọ́tìnnì, mi ò ní mọ èyí tí màá tẹ̀. Mo ti ka àwọn àtòjọ gígùn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe ń kà á tán ni mò ń gbàgbé rẹ̀ tán. Torí náà kì í ṣe àtòjọ ni mo ń wá lọ́dọ̀ yín o, ọgbọ́n tí ẹ fi ń rántí ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sí i.

Gègé Olóòtú:

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún ìwé oníwèé ṣe, mo sì ti rí èyí tó ju tìrẹ lọ. Ìròyìn ọ́fíìsì kan wà tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “staff moral is low”. “Morale”, ìyẹn ìtara iṣẹ́, ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Ohun tó wà lórí ìwé ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ò níwà.

Má dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi. Ìlà pupa yẹn kì í yẹ ìtumọ̀ wò. Ohun kan ṣoṣo ló ń wò: ṣé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè? “Bare” wà níbẹ̀, ó jẹ́ kó kọjá. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ti ń gbìyànjú láti wo gbólóhùn látòkè délẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ṣì ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọgbọ́n tèmi rèé, inú èdè wa ni mo ti mú un. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Lọ, gbà, kọ, rìn, kọ́ńsónáǹtì ló ṣáájú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀-orúkọ ẹ̀wẹ̀, fáwẹ̀lì ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀: ìrìn, ọ̀nà, ìwé, àlọ. Bí “advice” àti “advise” bá wá ń bá ọ fa ọ̀rọ̀, yí gbólóhùn rẹ sí Yorùbá lọ́kàn. “Ó fún mi ní ìmọ̀ràn.” Ìmọ̀ràn ti fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, orúkọ ni, “advice” nìyẹn. “Ó gbà mí nímọ̀ràn.” Gbà ti fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, ìṣe ni, “advise” nìyẹn. Lẹ́tà c fún orúkọ, lẹ́tà s fún ìṣe. O ò ní láti há nǹkan kan sórí, ó ti wà lẹ́nu rẹ láti kékeré.

“Device” àti “devise” ń tọ ọ̀nà kan náà. “Practice” àti “practise”, “licence” àti “license” náà ń tọ̀ ọ́, bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti Bìrìtéènì lò ń kọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo “practice” fún méjèèjì, wọ́n sì ń lo “license” fún méjèèjì. Kọ́kọ́ mọ ẹni tí o ń kọ̀wé sí, kó o tó máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Gègé. Èmi ń fojú ara mi rí ọ̀rọ̀ ìjọra lójoojúmọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré, àwọn ẹbí ò lè ya Táíwò àti Kẹ́hìndé. Èmi mọ̀ wọ́n, torí Táíwò ní àpá tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpéǹpéjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì: ẹ wá àpá ara ọ̀rọ̀ náà.

“Hear” ní “ear” nínú, etí lèèyàn fi ń gbọ́ràn. “Here”, “there” àti “where”, ẹ wò ó, “here” wà nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ibi ni gbogbo wọn. “Their” ní “heir” nínú, àrólé, ẹni tí nǹkan jẹ́ tirẹ̀. Torí náà nǹkan tiwọn ni “their”.

“It's” àti “its” ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń rí, àti lọ́wọ́ ọmọdé àti lọ́wọ́ àgbà tó kàwé. Àmì kékeré tó so mọ́ òkè yẹn ń sọ pé lẹ́tà kan ti já bọ́ níbí. Ẹ dá lẹ́tà náà padà kẹ́ ẹ wò ó. “It's raining” di “it is raining”, kò sí wàhálà. “The dog wagged it's tail” di “the dog wagged it is tail”, ajá náà á rẹ́rìn-ín. Bí gbólóhùn bá wó nígbà tẹ́ ẹ dá lẹ́tà padà, ẹ yọ àmì náà kúrò. Ìdánwò yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún “you're”, “they're” àti “who's”.

Ohun tó ń tan èèyàn ni pé “the boy's book” ní àmì náà, ohun ìní sì ni. Wọ́n á wá rò pé gbogbo ohun ìní ló gbọ́dọ̀ ní i. Ẹ bi wọ́n: “his” ńkọ́? “Hers”, “ours”, “theirs” ńkọ́? Kò sí àmì lára ìkankan. Ìdílé wọn ni “its” ti wá.

Má Tàn Mí:

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Yíyí ọ̀rọ̀ sí Yorùbá yẹn dára, àmọ́ ó lè ti èèyàn sí kòtò. “Yá” kan ṣoṣo la ní fún “lend” àti “borrow”: mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. “Kọ́” kan náà la ní fún “teach” àti “learn”. Mo mọ̀ pé àwọn wọ̀nyẹn ò jọra létí, ṣùgbọ́n Yorùbá orí mi ló jẹ́ kí n máa sọ “borrow me your pen” fún ọdún gbọọrọ kí ẹnì kan tó dá mi dúró.

Àti pé “principal” àti “principle” ńkọ́? Olórí, ìlànà. Fáwẹ̀lì méjì ń wo ara wọn lójú, ta ni á dájọ́?

Gègé Olóòtú:

O gbá mi mú. Òótọ́ ni, àwọn tí ọ̀kan jẹ́ ìṣe tí èkejì jẹ́ orúkọ nìkan ni ọgbọ́n yẹn wà fún.

Fún “principal” àti “principle”, ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń sọ pé “the principal is your pal”, ọ̀gá ilé ìwé ni ọ̀rẹ́ rẹ. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bó o bá dé ìdí ọ̀rọ̀ owó, tí wọ́n ní “principal and interest”, wàá máa wá ọ̀gá ilé ìwé kiri. Ojú owó tí wọ́n yá ni “principal” níbẹ̀, èlé ni “interest”. “The principal reason” sì ni ìdí tó gbawájú jù lọ. Ìtumọ̀ kan ló wà nídìí gbogbo wọn: ohun tó ṣe olórí. “Principle” ní tirẹ̀ ò kúrò lójú kan, ìlànà ni nígbà gbogbo. Wo ìdí rẹ̀, le ló fi parí, bíi “rule”. Ìlànà àti òfin, wọ́n jọ wọ bàtà kan náà.

Etí Kò Gbàgbé:

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ yìí sí méjì, torí ẹ ń lù wọ́n pọ̀.

Àwọn kan wà tí ohùn wọn bára mu délẹ̀, kódà lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì: “bear” àti “bare”, “principal” àti “principle”, “meat” àti “meet”. Etí ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ìwé nìkan ló yà wọ́n. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àwa là ń pa wọ́n pọ̀. Yorùbá ò ní z, kò ní v, kò ní ch. “Price” àti “prize” wá di ọ̀kan lẹ́nu wa, “fan” àti “van” di ọ̀kan, “wash” àti “watch” di ọ̀kan. “I” kan la ní níbi tí wọ́n ti ní méjì, ìyẹn ni “live” àti “leave”, “fill” àti “feel”, “ship” àti “sheep” fi ń dárú. Mo ti sọ fún ẹnì kan rí pé “I want to leave here”, ó ń bá mi wá àpò. Mo fẹ́ sọ pé ibẹ̀ wù mí láti máa gbé ni.

Ẹ gbé ìka lé ọ̀nà ọ̀fun yín, kẹ́ ẹ fa s gùn: sssss. Kò sí ohun tó mì. Ẹ wá fa z: zzzzz. Ẹ ó rí i pé ọ̀fun ń gbọ̀n lábẹ́ ìka. Ìyàtọ̀ “advice” àti “advise” nìyẹn, òun náà ni ìyàtọ̀ “loose” àti “lose”, “price” àti “prize”. Ẹni tó bá ti fi ìka mọ̀ ọ́n, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Fún “leave”, ẹ fẹ ètè sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ fà á pẹ́. “Live” kúrú, ètè ò ṣe wàhálà kankan.

Ẹ má sì rò pé Òyìnbó nìkan ló ń da èèyàn láàmú. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ẹ fún àlejò tó ń kọ́ Yorùbá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀. Àwa ń fi ohùn yà wọ́n lẹ́nu, bá a bá gbàgbé àmì lórí ìwé, wọ́n di ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní ìdàkejì, ẹnu pa wọ́n pọ̀, ìwé yà wọ́n.

Kò sì rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Nígbà kan, “meat” àti “meet” ò dún bákan náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi gba ea tí èkejì gba ee. Wọ́n ń pe k tó wà níwájú “knight” jáde lẹ́nu, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní 1476, William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹnu àwọn èèyàn ṣì ń yí padà. Ẹnu ń lọ, ìwé ò tẹ̀ lé e. Ohun tá a wá ń há sórí lónìí, fọ́tò ohùn àwọn tó ti kú tipẹ́ ni.

Akọ̀wé Kékeré:

Mo gbé ìka lé ọ̀fun níbi iṣẹ́, ẹni tó jókòó tì mí béèrè bóyá ara mi ò yá.

Ẹ jọ̀wọ́, “affect” àti “effect” ni ọ̀tá mi gan-an. Mo ti kọ́ ọ pé ọ̀kan jẹ́ ìṣe, èkejì jẹ́ orúkọ. Bí mo ṣe ní kí n sinmi báyìí ni mo rí “to effect a change” nínú ìwé tó jíire. Ta ló ṣìnà nínú èmi àti òǹkọ̀wé yẹn?

Gègé Olóòtú:

Ẹnikẹ́ni ò ṣìnà. Dí i mú láti ìsàlẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, “affect” ni ìṣe, “effect” ni orúkọ. “The rain affected the work”, òjò kó bá iṣẹ́ náà. “The rain had an effect on the work”, òjò ní ipa lórí iṣẹ́ náà. Kó bá, ipa: ìdánwò fáwẹ̀lì wa ṣiṣẹ́ níbí. Bí Yorùbá ò bá tètè wá sọ́kàn, wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú. Bí “the”, “an”, “any” tàbí “no” bá wà níwájú, “effect” ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Bí “will”, “can”, “did” tàbí “not” bá wà níwájú, “affect” ni. Nínú ábídí pàápàá, a ṣáájú e. Nǹkan á kọ́kọ́ kan èèyàn kí àbájáde rẹ̀ tó jáde.

Èyí tó o rí nínú ìwé wá jẹ́ ọmọ ọ̀tọ̀. “Effect” lè jẹ́ ìṣe, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni mímú nǹkan ṣẹ. Fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. “The manager effected the changes”: ọ̀gá náà ló ṣe àyípadà ọ̀hún, òun ló bí i. “The manager affected the changes”: ẹlòmíì ló ń ṣe àyípadà, ọ̀gá wá tọwọ́ bọ̀ ọ́, bóyá ó bà á jẹ́, bóyá ó mú un falẹ̀. Lẹ́tà kan péré ló wà láàárín ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ti tún un ṣe nínú ìròyìn tí wọ́n fẹ́ fi yin ẹnì kan, ẹni náà ò mọ ohun tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ tún ní “affect” tó jẹ́ orúkọ, ìyẹn bí ohun tó wà nínú aláìsàn ṣe ń hàn lójú rẹ̀. Orí sílébù àkọ́kọ́, ìyẹn “af”, ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń pè é. Bí ìwé ìṣègùn kọ́ lò ń kọ, gbàgbé rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ẹnì kan ò tíì mẹ́nu ba “stationary” àti “stationery”, òun sì ni mo fẹ́ràn jù, torí ó nítàn nídìí. Lédè Látìnì, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ibùdúró ni “statio”. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní Yúróòpù ló ń kiri ọjà. Ẹni tó ń ta ìwé sábà máa ń dúró sójú kan ní tirẹ̀, wọ́n bá ń pè é ní “stationer”, ẹni tó ní ibùdúró. Ní 1557, ẹgbẹ́ àwọn “stationer” ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ọba. Ohun tí “stationer” ń tà ni “stationery”. Ẹ kàn fi y sídìí orúkọ oníṣòwò náà ni, bí “baker” ṣe ń bí “bakery”. Èyí tó ní a ni nǹkan tó dúró gbagidi, tí kò mira.

Ìyẹn ni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìbejì náà ni!

Má Tàn Mí:

Ẹ jẹ́ kí n da tèmi sílẹ̀ kíákíá, iṣẹ́ ń dúró dè mí.

“Then” ní e bíi “when”, ọ̀rọ̀ ìgbà ni wọ́n. “Than” ni fún “ju lọ”. “Accept” ni gbà, “except” ni àyàfi, kò tún sí àlàyé. “Weather” ni ojú ọjọ́, “whether” ni bóyá.

“Lose” ti pàdánù o kan, ìtumọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. “Loose” dẹ̀, inú rẹ̀ fẹ̀, ó gba o méjì. “Choose” ló ń tì wá sínú àṣìṣe yìí, torí ó ń dún bíi “lose”, o méjì ló sì ní.

“Discreet” ni ẹni tó lè pa àṣírí mọ́, “discrete” ni nǹkan tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo e méjì inú “discreet”, wọ́n forí korí bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nínú “discrete”, t ti dúró sáàárín wọn bí ògiri.

“Complement” ń mú nǹkan pé, “complete” ni ẹ rántí. “Compliment” ni ọ̀rọ̀ ìyìn. Bí wọ́n bá sì ní nǹkan jẹ́ “complimentary”, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbà á.

Gègé Olóòtú:

Àbúrò, kó o tó lọ, má gbìyànjú láti mọ gbogbo èyí pa pọ̀. Ohun tó ń dá ọ rú kọ́ ló ń dá Má Tàn Mí rú. Kọ àwọn tìrẹ nìkan sórí bébà, mẹ́fà tàbí méje, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Bó o bá kọ lẹ́tà tán, tẹ Ctrl àti F, kó o wá wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọjú, dá a dúró, bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bó o bá kàn ń ka lẹ́tà tìrẹ lókè délẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn rẹ ni wàá máa kà, kì í ṣe ohun tó wà lójú ìwé.

Akọ̀wé Kékeré:

Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Bébà ti wà lára kọ̀ǹpútà, “bare” ló wà lókè pátápátá. Mo wá ṣí ìròyìn tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́la, mo wá wọn níkọ̀ọ̀kan. “Effect” méjì yọjú, méjèèjì wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. “Loose” kan wà tí mo sọ di “lose”.

Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn yìí tó tún wà níbẹ̀: “The team was lead by our manager.” Kọ̀ǹpútà ò fọhùn. Ẹ̀rí ọkàn mi ló ní kí n bi yín.

Etí Kò Gbàgbé:

“Led” ni, kò sí a níbẹ̀. “Read” ló tàn ọ́ jẹ. “Read” ti òní àti ti àná, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kọ wọ́n, ohùn ló yà wọ́n. O wá rò pé “lead” náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún bà á jẹ́ ni pé “lead” kan wà tó ń dún bíi “led” gan-an, òun ni òjé.

Bó o ṣe kọ ọ́ yẹn, òjé ni ọ̀gá yín.

Akọ̀wé Kékeré:

Ó wúwo lóòótọ́. Mo ti tún un ṣe, mo sì ti fi kún ti bébà, ó di mẹ́jọ.